Ó Dá Wa, Ó Dà Wá: Ọ̀nà Tí Orin Ìṣẹ̀dá Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún méjì nínú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkè-Àdó. Ìkórè àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀, ọ̀gá akọrin sì ní, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá là ń kọ́ ní yunifásítì, kí a kọ orin ìṣẹ̀dá ẹlẹ́sẹ mẹ́rin tí àwọn ọ̀dọ́ yóò kọ wọlé. Ó ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú lórí ohùn orin. Kí a mú ọ̀kan nínú ohùn orin òyìnbó tí gbogbo ìjọ ti mọ̀, kí a kó ọ̀rọ̀ tiwa sí i. Alẹ́ méjì péré la fi ṣe é. A ka sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan, ó pé. A tún un kà, ó pé.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde fún ìdánrawò, màmá àgbà kan tó ti ń kọrin níbẹ̀ kí wọ́n tó bí àwa, yọ awò ojú rẹ̀, ó wò wá, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni Ọlọ́run fi ṣe yín tí ẹ fi ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀?"

Gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín. A kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí a tún ìlà náà kọ jẹ́jẹ́ la gbọ́ ohun tí Màmá gbọ́. "Ó dá wa" la kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohùn orin yẹn bẹ̀rẹ̀ lókè, ó já sísàlẹ̀, ó tún gun òkè. Ohun tó ń jáde lẹ́nu ogún èèyàn ni "Ó dà wá".

Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá níléèwé mọ ọgbọ́n dò-re-mí. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. "Ó dá wa" jẹ́ mí-mí-re. "Ó dà wá" jẹ́ mí-dò-mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe méjèèjì síta kí ẹ tó máa kà á lọ, bí ẹ bá tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣẹ̀dá wa. Ti èkejì, ẹnì kan dà wá bí ẹni da omi ìfọwọ́, tàbí ó ṣe wá bí ọ̀dàlẹ̀ ṣe ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tí a fi kọ wọ́n kò yàtọ̀. Kódà arọ́pò-orúkọ "wa" náà bá ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ yí ohùn padà, bí ẹni pé ó fẹ́ bá wọn parí iṣẹ́ ibi náà.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni, à bá rọ́gbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n "dá" ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Inú rẹ̀ ni ẹ̀dá ti wá, inú rẹ̀ ni ìṣẹ̀dá ti wá, inú rẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ ti wá. Báwo wá ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń kọ ọ́? Ìbéèrè tí a gbé kúrò níbi ìdánrawò lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, òun la sì ń tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí.

Ní Òkè-Àdó, èèyàn kò nílò kó rìn jìnnà kó tó gbọ́ orin ẹ̀sìn tó ju ọ̀kan lọ. Ìpè àdúrà ti mọ́sálásí ni yóò kọ́kọ́ jí àdúgbò. Tó bá di aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, dùùrù ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún ní èkejì, àwọn aládùúrà sì ti ń pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Àwọn Ìjẹ̀bú tó wá ṣòwò sí Ìbàdàn láyé òyìnbó wà lára àwọn tó kọ́lé sí àdúgbò yìí àti sí Òkè-Bọ́là tó tẹ̀ lé e, níbi tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́lé tirẹ̀ sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú yìí sọ́kàn. Yóò tún yọjú.

Kí orin ìṣẹ̀dá tó wọ inú ìwé, ìlù ló ni ín. Ìtàn tí ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀: omi ló bo ilẹ̀, Olódùmarè sì rán Òrìṣà-ńlá wá pẹ̀lú erùpẹ̀, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún àti ẹyẹlé. Adìyẹ tan ilẹ̀, ilẹ̀ fẹ̀. Ọ̀gà ni wọ́n rán wá wò ó bóyá ilẹ̀ náà ti gbẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà, ọjọ́ karùn-ún sì di ti ìsìn. Àwọn mìíràn ní Ifẹ̀ a máa sọ ọ́ pé ẹmu ló pa Ọbàtálá lójú ọ̀nà, tí Odùduwà fi gba àpò ìwà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí wọn kò jiyàn lé lórí ni pé Ọbàtálá ló ń mọ èèyàn. Amọ̀ ló fi ń mọ wọ́n, bí amọ̀kòkò.

Ìlù tirẹ̀ ni ìgbìn. Mẹ́rin ni wọ́n: ìyá-ńlá, ìyá-àgan, keke àti afẹrẹ. Kúkúrú ni wọ́n, wọ́n sì wúwo, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí bí àgbàlagbà. Ohun tó kàn wá jù níbí ni pé orin tó ń bá irú ìlù bẹ́ẹ̀ rìn, inú ọ̀rọ̀ ẹnu ló ti yọ. Ohùn orin ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Olórin Ọbàtálá kò lè ṣèèṣì sọ pé òrìṣà òun dà wá, àfi bó bá dìídì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún un. Afín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ló gbọ̀n nígbà tí ẹmu wà lójú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu títí dòní. Abuké tó jókòó sí ojúbọ Ọbàtálá ní láti gbọ́ ọ nínú orin pé wọ́n dá òun ni. Bí orin bá sọ fún un pé wọ́n dà á, kí ló tún kù tó máa jókòó tì?

Orin inú ìwé dé ní tirẹ̀. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí Òkè-Àdó rárá. Ajàyí Crowther ọmọ Òṣoògùn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtumọ̀ nígbà náà, odidi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. "Dá" ni wọ́n lò ní ẹsẹ àkọ́kọ́ ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ọ̀rọ̀ náà sì bá a mu rẹ́gí. Ẹni tó bá kà á síta kò ní ìṣòro kankan, nítorí Crowther, ohùn Yorùbá ló wà létí rẹ̀ láti kékeré.

Ìgbà tí wọ́n dé ìdí orin ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á mú orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á ka sílébù kó lè bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, wọ́n á sì fi ohùn òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Cecil Frances Alexander, obìnrin ará Ireland, ti tẹ ìwé orin àwọn ọmọdé jáde ní 1848, orin ìṣẹ̀dá kan sì wà nínú rẹ̀ tó rìn káàkiri ibi gbogbo tí àwọn míṣọ́nnárì dé. Orin dáadáa ni ní èdè tirẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn bá gòkè tàbí ó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì ń jẹ́ ohun tó ń jẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún burú sí i ni pé ohùn orin kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹsẹ kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Bí ẹsẹ kìíní bá tilẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ohùn orin, kí lẹ fẹ́ kí ìkẹta ṣe?

Iṣẹ́ tí àwa náà ṣe ní alẹ́ méjì yẹn gan-an nìyẹn. A ti ń fi àwọn míṣọ́nnárì ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì láti ọdún kìíní, a kò mọ̀ pé ọwọ́ wọn wà lára wa.

Àwọn kan ti rí i tipẹ́. Mójọlá Àgbẹ̀bí, tí wọ́n ń pè ní David Vincent kó tó pa orúkọ yẹn tì ní 1894, wàásù ní Èkó ní ìparí ọdún 1902 fún àwọn ọmọ Ìjọ Áfíríkà. Ó ka ìwé orin àti dùùrù mọ́ àwọn ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń gbé ara wọn ró bí ẹni tó fi ọ̀pá rìn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá. Ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ wá dé. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ìsìn sí ohùn ilẹ̀ wa, ó sì lọ gba ohùn orin tó lé ní ogójì sílẹ̀ ní London ní 1922 fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips sì jókòó ti dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ọkùnrin tó lo ọdún méjìdínláàádọ́ta nídìí dùùrù òyìnbó ni ó tún kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953 láti fi yé wa pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ wa nínú. Ẹni tó mọ ohun èlò náà jù ló sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó ń bá wa kọ àkọsílẹ̀ síbí, kàn ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo àsìkò tí a fi ń wá ìtàn yìí. Ó ní, "Àwa ò bá Ọlọ́hun kọ ohùn òyìnbó rí." Ó jàre dé ibì kan. Àl-Kùránì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ lórin, kíkà ni wọ́n ń kà á, ní èdè Lárúbáwá. Nínú Súrà Ar-Rahman, tó jẹ́ ìkarùndínlọ́gọ́ta, a kà pé amọ̀ gbígbẹ bíi ti ìkòkò ni Ọlọ́hun fi dá èèyàn. (Ẹ wo amọ̀ yẹn. Ọbàtálá fi amọ̀ mọ èèyàn, Jẹ́nẹ́sísì orí kejì ní erùpẹ̀ ilẹ̀ ni, Àl-Kùránì ní amọ̀ ìkòkò. Ó jọ pé ibi tí gbogbo wọn ti lọ bu ilẹ̀ náà kò jìnnà síra.) Nígbà tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ilẹ̀ wa sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lórin ní Yorùbá, wákà ni wọ́n dá sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni orúkọ náà ti wá, orin lásán ló túmọ̀ sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bátílì Àlàkẹ́ ló gbé e dé orí àwo, Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì ti wá. Ìjẹ̀bú àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé Yorùbá nìkan ni ohùn ń bá fà á. Nínú Rig Veda àwọn Híńdù, orin ìṣẹ̀dá kan wà nínú ìwé kẹwàá, ìkọkàndínláàádóje, tó jẹ́ pé ìbéèrè ló fi parí: ṣé ẹni tó ń bójú tó gbogbo rẹ̀ láti òkè ọ̀run tilẹ̀ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àbí òun náà kò mọ̀? Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nígbà náà, àwọn àlùfáà wọn sì ń ṣọ́ ohùn yẹn bí ẹni ṣọ́ ẹyin. Ìtàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ti Tvashtri, oníṣẹ́ ọnà àwọn òrìṣà. Indra pa ọmọ rẹ̀, Tvashtri sì ṣe ètùtù kí ẹni tí yóò pa Indra lè dìde. Ṣùgbọ́n ó gbé ohùn sí ibi tí kò yẹ lórí ọ̀rọ̀ kan péré, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ "ẹni tó máa pa Indra" wá di "ẹni tí Indra máa pa". Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Nígbà tí a ka ìtàn yìí fún Màmá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní, "Ẹ ò rí i? Tiyín ṣì kéré."

Ìjẹ̀bú kejì ni Hubert Ògúndé. Wọ́n bí i ní 1916 ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú tó ti dàgbà, eégún ń jó níbẹ̀, ó sì bá wọn jó. Ọlọ́pàá ni ní ọdún 1944, nígbà tí Ìjọ Olúwa, ìyẹn Aládùúrà, ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà gbé iṣẹ́ fún un pé kó ṣe eré olórin kan fún àwọn. Ìjọ yìí náà, Ìjẹ̀bú ló ti wá: Ògèrè ní Rẹ́mọ ni Josiah Òṣítẹ̀lú ti dá a sílẹ̀ ní 1930. Wọ́n ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Èkó kí Ògúndé tó dé, "native air" ni wọ́n ń pe orin inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju kí akọrin dúró lójú kan kí wọ́n máa kọ lọ.

Nínú gbogbo ìtàn inú Bíbélì, Ògúndé mú ti ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni orúkọ eré náà, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 1944, wọ́n ṣe é ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Orin wà nínú rẹ̀, ijó wà, ìṣe wà, èrò sì rọ́ wá. Ìwé ìtàn tíátà pọ̀ tó ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí tíátà Yorùbá òde òní bẹ̀rẹ̀, òótọ́ sì ni. Nígbà tó di 1945, Ògúndé ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ fún eré ṣíṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí a rò pé àwọn ìwé náà ń fò dá ni ohun tí èrò inú gbọ̀ngàn yẹn gbọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti ń fi ohùn òyìnbó kọrin Ẹlẹ́dàá láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wá jókòó, wọ́n sì gbọ́ ìtàn Ádámù àti Éfà lórin tí ohùn rẹ̀ ti inú èdè wọn jáde. A lérò pé ohun tó mú kí ọlọ́pàá kan lè jáwọ́ nínú owó oṣù nìyẹn.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gba irú rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀ kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀. Inú àwọn àgbà ìjọ kò dùn sí ìlù inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kó orin rẹ̀, ó gbé e wá sí Ìbàdàn níbí, sí ẹgbẹ́ Mbárí, àwọn yẹn sì gbà á. Nígbà tó di 1962, ó ti dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní ọdún kejì. Bí àwọn àgbà yẹn bá gbà á láyè ni, bóyá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ì bá jẹ́ títí. A kò mọ bóyá ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tàbí ká bínú sí wọn.

Nígbà tí a ti ka gbogbo èyí tán, a padà sí ibi ìdánrawò pẹ̀lú àyà líle. Ọ̀kan nínú wa ní kí a ju ohùn òyìnbó náà nù, kí a dá ohùn tuntun, bí Ògúndé ti ṣe. Ọ̀gá akọrin gbọ́ wa tán, ó ní Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn ọ̀dọ́ tó tó ogójì ti mọ ohùn yẹn, ẹni tó ń tẹ dùùrù ti mọ̀ ọ́n, ṣé àwa la máa tún gbogbo wọn kọ́ ni? Ó ní kí a tún ọ̀rọ̀ ṣe, kí a fi ohùn sílẹ̀. Inú bí wa. A rò pé Phillips ti kú ní 1969, ó sì ti sọ tirẹ̀ tán, kí ni wọ́n ṣì ń dúró dè?

Ohun tí a wá ṣe rèé. Ohùn orin náà ń ṣe mí, ó ń já, ó ń padà sí mí. A wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè jókòó síbẹ̀ kó má bú Ọlọ́run. Alẹ́ kan gbáko ló gbà wá, títí ẹnì kan fi rántí amọ̀. A yọ "dá" kúrò, a fi "mọ" sí i. "Ó mọ wá." Mí-re-mí. Ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò ni, ọ̀rọ̀ Ọbàtálá ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò sí nínú Bíbélì. Ohùn orin òyìnbó náà sọ̀ kalẹ̀ ju re lọ díẹ̀, a mọ̀. Ó lè fà á dé dò. Ṣùgbọ́n a ti gbìyànjú rẹ̀ wò, bó bá tilẹ̀ fà á dé ibẹ̀, ohun tí yóò jáde kò burú.

Lọ́jọ́ Ìkórè, àwọn ọ̀dọ́ kọ ọ́ wọlé tijótayọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, Màmá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo gbọ́ 'Ó mọ̀ wá' níbẹ̀," ó ní.

"'Ó mọ wá' la kọ, mà."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà." Ó ká ìwé orin tirẹ̀, ó tì í sínú báàgì. "Ẹ lọ gba ìrẹsì yín kó tó tán."